Fláàṣì Tí Kò Gbà Ká Kọ Nǹkan Sí I

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti bá gbólóhùn yìí pàdé rí lójú kọ̀ǹpútà: "The disk is write-protected." Ohun tó ń sọ kò ju pé wọ́n ti ti fláàṣì náà pa. Ẹ lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi nǹkan tuntun sí i, ẹ ò sì lè pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. A ó fà á yọ, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, a ó tún kì í bọ ojú ihò mìíràn. Bó bá tún kọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

Àwa náà bú tiwa. Ọmọ ilé kan náà ni àwa mẹ́rin, ilé àǹtí wa la sì péjọ sí lọ́jọ́ náà, nítorí ìrántí ọdún kan tí ìyá àgbà ti fi wá sílẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. A fẹ́ kó fọ́tò àti orin tí a máa lò níbi ayẹyẹ sórí fláàṣì kan tó ti wà lọ́wọ́ àǹtí láti ọjọ́ pípẹ́. Orí fláàṣì yẹn gan-an ni ohùn ìyá àgbà wà: ìtàn bí agbo ilé wa ṣe bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, àti oríkì orílẹ̀ wa tí wọ́n kì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fóònù la fi gba ohùn náà sílẹ̀, olè sì ti jí fóònù yẹn lọ tipẹ́.

Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, mo ti kọ́pì ohùn Mama sórí láptọ́ọ̀pù mi. Ẹ kàn fọ́ọ̀màtì ẹ̀, ó máa ṣí." Bí a ṣe tẹ Format nìyẹn. Fláàṣì kọ̀. A tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ̀. A tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún kọ̀ jálẹ̀.

A máa padà sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Àmọ́ ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan: ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ rò ó pé ó yẹ kí ohun tí à ń kọ nǹkan sí ní àgádágodo? Nítorí títì yìí kì í ṣe àìsàn tí fláàṣì gbé wáyé. Ó dàgbà ju fláàṣì lọ dáadáa, àwọn èèyàn ló sì dìídì ṣe é.

Òrùka, ihò àti sẹ́lótéèpù

Láyé tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi tó odidi yàrá, orí téèpù gígùn tí wọ́n ká mọ́ rílì ni wọ́n ń kó iṣẹ́ sí. Àkọsílẹ̀ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan lè wà lórí téèpù kan ṣoṣo. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru bá ṣèèṣì gbé téèpù àná sórí ẹ̀rọ tó fẹ́ kọ iṣẹ́ òní, iṣẹ́ àná ti lọ nìyẹn. Ohun tó fà á nìyí tí wọ́n fi dá ọgbọ́n òrùka ike kan tó ń wọ ẹ̀yìn rílì. Bí òrùka bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ lè kọ nǹkan. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kíkà nìkan ni ẹ̀rọ lè kà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà sọ ọ́ di àṣà ọ̀rọ̀: kò sí òrùka, kò sí kíkọ.

Ẹ wo ohun tí òrùka yẹn ń ṣe o. Kì í ṣe olè ló ń dá dúró. Ọwọ́ oní-nǹkan fúnra rẹ̀ ló ń dá dúró, lásìkò tó bá ti rẹ̀ ẹ́, tàbí tó ń kánjú, tàbí tó dá ara rẹ̀ lójú ju bó ṣe yẹ lọ.

Dísíkì náà ní tirẹ̀. IBM gbé dísíkì rírọ̀ jáde ní 1971, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 8. Lára irú rẹ̀ tó ṣeé kọ, ihò kékeré kan wà létí: bí ihò náà bá ṣí sílẹ̀, dísíkì ti tì pa, bí ẹ bá fi bébà alẹ̀mọ́ dí i, ó ṣeé kọ. Ní 1976 ni ti íǹṣì 5.25 dé, ni wọ́n bá dojú ọ̀rọ̀ rú. Lára tuntun yìí, ihò tó ṣí sílẹ̀ ló ṣeé kọ, èyí tí wọ́n bá dí ló tì pa. Ẹni tó ti mọ ti àkọ́kọ́ lórí gbọ́dọ̀ tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́. Nígbà tó yá, ti íǹṣì 3.5 tí Sony kọ́kọ́ gbé jáde ní 1981 gba gbogbo ayé. Ike kékeré kan wà ní igun èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa lò, èékánná lásán ni wọ́n fi ń tì í lọ tì í bọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn mọ̀. Philips ló gbé e jáde ní 1963. Bí ẹ bá yí kásẹ́ẹ̀tì síwá sẹ́yìn, ẹ ó rí ike pẹlẹbẹ méjì létí ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Irin kékeré kan nínú ẹ̀rọ máa ń tọwọ́ kan ibẹ̀. Bí ike bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ ike náà kúrò, irin á bọ́ sínú ihò, bọ́tìnnì ìgbohùn ò sì ní wọlé mọ́. Èyí ló fà á tí kásẹ́ẹ̀tì àwọn olórin fi máa ń ti ọjà wá láìní ike yẹn. Síbẹ̀, ta ni kò mọ ọgbọ́n àtúnṣe rẹ̀? Ẹ ká bébà, ẹ ki í bọ ihò, tàbí kí ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó. Ó parí.

Bí ohùn bàbá àgbà ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, bàbá wa gba ohùn bàbá tiwọn sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n ṣẹ́ ike méjèèjì, wọ́n fi bírò kọ orúkọ sí i lára. Àbúrò wọn kan, tó ṣì kéré nígbà náà, fi bébà dí ihò, ó sì gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sọ lórí rédíò sí i. Kò ṣe é láti bàjẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì tó rí nítòsí ló lò. Kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà. Ohùn asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló wà nínú rẹ̀, ti bàbá àgbà ti di ìtàn. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Orúkọ tó ti inú ìparẹ́ wá

Fláàṣì wá ńkọ́? Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù kan, Fujio Masuoka, tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ló ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 1984 ló gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé kan ní San Francisco. Ní 1987 ló tún gbé irú kejì dé, èyí tí wọ́n ń pè ní NAND, òun ló sì wà nínú fláàṣì àti fóònù wa lónìí. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Shoji Ariizumi, ló dábàá orúkọ náà. Ó ní bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń pa odindi abala rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà rán òun létí iná kámẹ́rà tó ń kọ mànà.

Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Orúkọ tí à ń pè é lójoojúmọ́, láti inú ìparẹ́ ló ti wá, kì í ṣe láti inú ìpamọ́.

Ní oṣù kẹrin 1999, iléeṣẹ́ M-Systems ní Ísírẹ́lì kọ̀wé béèrè fún ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí fláàṣì tó ń wọ ojú ihò USB. Ní 2000, Trek ní Singapore bẹ̀rẹ̀ sí í ta ThumbDrive. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, IBM bẹ̀rẹ̀ sí í ta ti M-Systems ní Amẹ́ríkà. Netac ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà náà ní tiwọn ni. Títí dòní, àríyànjiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò tíì tán. Ohun tó dájú ni pé 8MB ni ti àkọ́kọ́ tí IBM tà, ó sì ju dísíkì márùn-ún lọ, torí 1.44MB ni dísíkì kan ń gbà. Lónìí, fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta láti inú fóònù lè kún un. Nígbà yẹn, ìyanu ni.

Kò sí nǹkan tó ń yí nínú fláàṣì. Yàrá kéékèèké tí kò lóǹkà ló wà níbẹ̀, ẹ lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ìkòkò tó ní ìdérí. Láti kọ nǹkan, agbára iná á ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gba ara ògiri kọjá sínú ìkòkò. Láti pa á rẹ́, agbára iná á tún fà wọ́n jáde. Ògiri náà fẹ́lẹ́ kọjá sísọ, gbogbo ìgbà tí a bá kọ tí a sì pa rẹ́ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Irú tí yàrá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì kan ṣoṣo lè fara da nǹkan bí ìgbà 100,000. Irú tí yàrá rẹ̀ ń gba mẹ́ta, èyí tó wọ́pọ̀ nínú fláàṣì olówó pọ́ọ́kú, lè má ju nǹkan bí 1,000 lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Akọ̀wé kékeré kan wà nínú fláàṣì tó mọ àṣírí yìí. Ṣípù kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa pín ìkọ̀wé káàkiri kí yàrá kan má baà tètè gbó ju èkejì lọ. Ó ní àwọn yàrá àfipamọ́ tó fi ń rọ́pò èyí tó bá bàjẹ́. Ó tún ní àwòrán ilẹ̀ tó fi mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà. Bí yàrá àfipamọ́ bá tán, tàbí tí àwòrán ilẹ̀ náà bá dàrú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ̀wé yìí ni wọ́n ti kọ́ láti ṣe ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìkọ̀wé, kí wọ́n fi ti ìkàwé sílẹ̀. Ìyẹn ni pé, mi ò lè gba nǹkan mọ́, ẹ tètè wá kó ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Àwa ò gbọ́ èdè yẹn. Wàhálà la pè é.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ń wá àgádágodo

Àwọn fláàṣì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ lè fi tì wọ́n. Kò pẹ́ tí èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́jà kò ní i mọ́. Ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì SD kámẹ́rà náà kò dé inú káàdì rárá. Àmì lásán ni, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ló ń wò ó tó sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ ṣàìgbọràn, kò sí ohun tí ike náà lè ṣe.

Lẹ́yìn náà ni fáírọ́ọ̀sì gbòde. Ẹni tó bá ti gbé fláàṣì lọ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá jáde nílé ìtẹ̀wé lẹ́yìn yunifásítì mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ máa gbé e lọ ní mímọ́, ẹ máa gbé e bọ̀ tí gbogbo fódà yín ti di shortcut. Nígbà náà, Windows a máa ka fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní autorun.inf ní kété tí fláàṣì bá wọlé, ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń rí ọ̀nà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ní oṣù kọkànlá 2008 ni Conficker bẹ̀rẹ̀ sí í ran kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, nígbà tó sì yá, fláàṣì wà lára ọ̀nà tó ń gbà. Oṣù yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fòfin de fláàṣì lórí kọ̀ǹpútà wọn, nítorí fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó ti ojú ihò USB wọlé sí wọn lára. Ó di 2011 kí Microsoft tó fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Windows àtijọ́ láti dí ọ̀nà autorun lórí fláàṣì.

Àwọn iléeṣẹ́ náà ò dúró. Láti 2004, nígbà tí àtúnṣe kejì fún Windows XP jáde, ọ̀gá kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ ti lè ti gbogbo fláàṣì pa láti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kó iṣẹ́ iléeṣẹ́ jáde. Báyìí ni àgádágodo ṣe ṣí kúrò lọ́wọ́ wa. Nígbà kan, èékánná wa ló ń tì í. Ní báyìí, ó lè wà nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè wà nínú ṣípù tí ojú ò tó.

Ilẹ̀kùn wo ló tì?

Nítorí náà, bí fláàṣì bá kọ̀, ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló tì í. Ká tó bi í rárá, ẹ kọ́kọ́ kọ́pì ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ibòmíràn. Gbogbo ohun tó kù lè dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá bọ́tìnnì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá gba nǹkan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ló tì í. Àṣẹ kan tó ń jẹ́ WriteProtect lè wà ní 1 nínú registry rẹ̀, lábẹ́ StorageDevicePolicies. 0 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ tàbí ti ilé ìwé, ẹ bá ọ̀gá tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín tú u.

Bó bá kọ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, ó lè jẹ́ àmì tí wọ́n fi sára fláàṣì náà. Nínú Windows, ẹ ṣí diskpart, ẹ tẹ list disk, ẹ fi bó ṣe tóbi tó dá fláàṣì yín mọ̀, ẹ fi select disk àti nọ́ńbà rẹ̀ yàn án, kí ẹ wá tẹ attributes disk clear readonly. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà yàn, àgbàlá onílàgbàlá lẹ wà yẹn, ọ̀rọ̀ náà clean tí àwọn kan máa ní kí ẹ tẹ̀ sì ń gbá gbogbo nǹkan dànù. Lórí Linux, ó lè jẹ́ pé ètò fáìlì ló dàrú. Bí Linux bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ó lè sọ fláàṣì di kíkà nìkan títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Bí gbogbo èyí bá kọ̀, akọ̀wé inú lọ́hùn-ún ló tì í. Kò sí ohun tó kù tí ọwọ́ wa lè ṣe. Ẹ kó ẹrù yín, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta tó kọ̀ fún wa

Ó ku ọ̀rọ̀ tiwa. Lẹ́yìn tí a ti tẹ Format lẹ́ẹ̀kẹta, inú bí wa, a fa fláàṣì yọ, a jù ú sórí tábìlì. Ìgbà yẹn ni àǹtí ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi wàhálà yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ fi ohùn Mama sí i fún mi kí n gbọ́." Ẹni tó ní òun ti kọ́pì rẹ̀ ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Láptọ́ọ̀pù ní òun ò rí fáìlì náà.

Shortcut ni. Lọ́jọ́ tó rò pé òun ń kọ́pì, Send to ló tẹ̀, ó yan Desktop, kọ̀ǹpútà sì fi ọ̀nà àbùjá sílẹ̀ fún un dípò fáìlì. Kò ju 1KB lọ. Ó ń kọrin fún un dáadáa nígbà tí fláàṣì wà lẹ́nu láptọ́ọ̀pù, torí inú fláàṣì ló ti ń lọ gbé ohùn náà wá. Àwòrán ilẹ̀kùn la ní lọ́wọ́, ilé ò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo wa ń wo fláàṣì tó wà lórí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ní kó pa ìyá àgbà rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ní òun ò ṣe. Bó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ni, a ti fi bébà dí ihò rẹ̀.

A rọra kì í padà. A kọ́pì ohùn náà sórí láptọ́ọ̀pù, a fa fláàṣì yọ kúrò pátápátá, kí a tó wá ṣí èyí tí a kọ́pì. Ó ṣí. A jókòó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé òun rò pé ó ti pé. Níbi tí ìyá ti dá oríkì dúró láti fi omi ra ẹnu, àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n sì nu ojú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn náà ti wà lórí láptọ́ọ̀pù méjì, lórí fóònù wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí olè fóònù ò lè dé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

A ò tún fláàṣì náà ṣe, a ò sì jù ú nù. Ó wà nínú àpótí àǹtí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kásẹ́ẹ̀tì bàbá àgbà. A mọ̀ pé kò ní wà bẹ́ẹ̀ títí láé, torí iná inú àwọn ìkòkò yẹn máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe tirẹ̀. Bí tiyín bá kọ̀ fún yín lónìí, ẹ má tíì bú u.